Ògì Tí Mo Fi Ẹnu Àgbáyun Tọ́ Wò

Ojúlé Yẹ̀kínnì Télọ̀,
Muṣin, lẹ́bàá Èkó.
Oṣù Kẹjọ, ọdún 1934.

Sìdíkàt, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ọkọ rẹ Síkírù, àlàáfíà fún èyí tí ń bẹ nínú rẹ tí a kò tíì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó ìrọ̀rùn, kó má bá yín lórí ẹní àìsàn. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún mi ọ̀tún a máa dùn mí kí òjò tó rọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi kò sì tíì máa gbọ̀n lórí ẹ̀rọ. Fún télọ̀ tó ti dàgbà tó mi, ìyẹn náà tó ọpẹ́.

Kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, jẹ́ kí n kọ eléyìí: ara Ọmọ́níkẹ́ ọmọ rẹ ti yá. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó wà lẹ́yìn ilé, ó ń lé adìẹ Ìyá Tìrìmísíyù kiri, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ mi. Ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, wá ibi jókòó, jẹ́ kí àyà rẹ balẹ̀, kí o tó máa ka ìyókù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, mo sì mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé ọwọ́ mi. Wáyà tí Síkírù tẹ̀ náà dé. N kò fèsì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, tí o bèèrè pé báwo ni ọmọ, mo mú gègé, mo kọ ọ́ pé ọmọ wà dáadáa, mo gbójú sókè wo ọmọ náà lórí ẹní, mo sì fa ìwé náà ya. Èmi kì í purọ́ fún ọmọ tí mo bí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè kọ òtítọ́ sí obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, kó wá gbéra, kó wọ rélùwéè láti Kánò wá sí Ìddó. Mo mọ̀ ọ́, o kì bá jókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi panu mọ́. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ti rí.

Ìyá rẹ lọ sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó bí ìbejì, tí kò sì rí ẹni bá a wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ní kó máa lọ. Mo ní, "Kí ni ń bẹ nínú ìtọ́jú ọmọ kan ṣoṣo? Èmi tí mo ń rán agbádá fún àwọn àgbà Èkó?" Ẹnu mi yìí ni yóò pa mí. Kò pẹ́ tí obìnrin náà lọ ni ara ọmọ gbóná. Ibà ni. Mo gbé e kọ́ èjìká lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lójú ọ̀nà, olùpòògùn fún wa ní kuníìnì. Ìyá Tìrìmísíyù, aládùúgbò wa tí o máa ń pè ní Àǹtí nígbà tí o wà nílé, se àgbo fún un. A ń fún un ní èyí, a ń fún un ní tọ̀hún, títí ibà náà fi lọ. Mo dúpẹ́. Mo rò pé ó tán.

Kò tán. Ibà lọ, ó ba ẹnu ọmọ jẹ́ sílẹ̀. Ohunkóhun tí a bá fi sí i lẹ́nu, yóò gbé e sẹ́nu díẹ̀, yóò wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, yóò sì tu ú. Mo po ògì, mo fi ṣúgà sí i, ó tu ú. Mo ra mílíìkì alágolo, mo dà á fún un bí ọmọ olówó, ó tu ú. Àfáà wa gbé oyin wá, oyin gidi tí afárá ṣì wà nínú rẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án, ó kọjú sí ògiri. Gbogbo àdúgbò ń gbé ohun dídùn wá bí ẹni ń bọ̀ wá kí ìyàwó tuntun, èmi ni mo sì ń jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, nítorí n kò lè jẹ́ kó bàjẹ́. Mo ń sanra, ọmọ ń rù.

Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá àgbà, mi ò fẹ́ dídùn." Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mo ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, nítorí ọmọdé wo ni kì í fẹ́ dídùn? Mo tún fi kún ṣúgà rẹ̀.

Sìdíkàt, ẹ̀rù bà mí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí, níwọ̀n ìgbà tó ti kọjá. Bùbá tí mo rán fún un ní Iléyá ń yọ̀ bọ́ léjìká rẹ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi wọn ọmọ náà, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ bí mo ti mọ orúkọ mi. Mo mú okùn ìwọ̀n, mo fi yí àyà rẹ̀ ká bó ti sùn, mo wò ó, mo sì ká okùn náà jọ, mo jù ú sísàlẹ̀ àpótí. N kò tún fẹ́ mọ̀. Àwọn ènìyàn ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Mo ní àmín, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò kúkú sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ọmọ nítorí àmín tèmi.

Èyí tó ń pa mí jù ni ọ̀rọ̀ tí o sọ ní Ìddó. O rántí? Ìwọ àti ọmọ sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè. Kò tíì pé ọdún tí ẹ sin Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sí ilẹ̀ Kánò, Ṣàíbù tí ibà kọ lù, tí kò sì jẹun mọ́ títí ó fi lọ. O mú ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́, o fi lé mi lọ́wọ́. O ní, "Bàbá, ẹ bá mi dì í mú. Ọwọ́ tèmi ń yọ̀." O kò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún láàrin èrò bí ẹni tí wọ́n jí àpò rẹ̀ gbé. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti kọ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́ bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Mo ní, Yẹ̀kínnì, ọ̀kan ti bọ́ ní Kánò. Bí èkejì bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Muṣin, ojú wo ni ìwọ yóò fi wo ìyá rẹ̀?

Ìyá Tìrìmísíyù ló mú ọ̀rọ̀ àgbáyun wá. Ó bá mi níbi tí mo káwọ́ lérí sí, ó ní, "Bàbá Sìdíkàt, ẹ má jókòó máa wojú ọmọ. Àgbáyun ni kí ẹ lọ wá. Bó bá ti lá àgbáyun, ewúro gan-an yóò di oyin lẹ́nu rẹ̀, yóò sì jẹun." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ta ni kò mọ iṣẹ́ àgbáyun? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun la fi ń mu ẹ̀kọ àná tó ti kan, àwọn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run a sì máa fi mu ẹmu. Èso pupa kékeré ni, kóró inú rẹ̀ ju ẹran ara rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì kúkú dùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun kíkan tí ènìyàn bá jẹ tẹ̀ lé e ni yóò máa dùn. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ká a, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó gba oko lọ.

Oko Ṣítù ni mo gbà lọ, Ṣítù ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kéwú lábẹ́ Àfáà kan náà. Oko rẹ̀ wà níwájú Ìdí-Àràbà, kí o tó dé odò. Bí mo ti kírun àárọ̀ tán, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Tìrìmísíyù, mo ká ṣòkòtò sókè orúnkún nítorí ẹrẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà rọ̀ bí ògì tútù. Mo yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó rí mi, mo dìde, mo ń lọ.

Ṣítù gbin àgbáyun sí ààlà oko rẹ̀, igi kúkúrú tí kò ga jù mí lọ, èso rẹ̀ pọ́n fòò láàrin ewé. Lára èyí tó wà níwájú, ó so àálè mọ́ ọn, àjákù sálúbàtà kan pẹ̀lú ìkarahun ìgbín, ó fi òwú pupa dì wọ́n pọ̀. Mo ní, "Ṣítù, ìwọ tí ń dúró ní sáfù àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí, kí ni ti àálè?" Ó ní, "Àwọn tó ń wá jí i kì í wá sí sáfù." Mo rẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ara ọmọ ti gbóná.

O mọ àṣà tó wà nídìí àálè. Ẹni tí olóko bá yọ̀ǹda fún kò gbọ́dọ̀ kàn na ọwọ́. Olóko fúnra rẹ̀ ni yóò tú àálè, yóò já èso àkọ́kọ́, yóò fi sí onítọ̀hún lẹ́nu, òun náà yóò jẹ ọ̀kan lójú rẹ̀, kó lè hàn pé kò sí olè níbẹ̀, kò sì sí kùnrùngbùn. A kì í fi ẹnu gbígbẹ ká a. Mo ṣí ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ṣítù fi ọ̀kan sí i, ó tún fi òmíràn sí i, ó ní ìyẹn ni ti Ọmọ́níkẹ́. Mo tẹ́ ewé gbòòrò sí ìdí apẹ̀rẹ̀ kí èso náà má baà fọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ká a tòun ti ìdí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tú rírán. Ọwọ́ télọ̀ wúlò níbẹ̀. Bí mo ti ń ká ni mo ń jẹ, nítorí ta ni yóò dúró nídìí àgbáyun tí yóò máa fi ojú lásán wò ó?

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, Ṣítù nawọ́ sí igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn ahéré rẹ̀. Ìyeyè tó ti pọ́n já bọ́ sílẹ̀ lọ súà. Ó ní, "Ṣà nínú eléyìí náà. Kọ́kọ́ fi àgbáyun sí ọmọ lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí o fi omi ìyeyè po ògì fún un. Ìyeyè a máa ṣí ọ̀fun. Bí àgbáyun bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ó kan." Ìmọ̀ràn náà dára. Kò ní àléébù kankan àfi ẹni tí a fi í fún.

Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà. Mo yà sábẹ́ igi kan, mo fi fìlà bo apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo ń mú àgbáyun sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pọ́n kóró rẹ̀ lá, mo ń ro ti ọmọ. Nígbà tí òjò dá, mo sáré délé bí orúnkún mi ti gbà mí láyè.

Mo bá ọmọ lójú oorun. Ìyá Tìrìmísíyù ní kò fẹnu kan nǹkan kan, ó sì lọ wo ohun tó gbé kaná sílé tirẹ̀. Mo dá iná. Mo fọ ìyeyè, mo sè é títí awọ rẹ̀ fi bẹ́, mo fi ọwọ́ fún un nínú omi, mo sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò. Omi náà ki dáadáa. Mo wá ṣí ìkòkò ògì tí Ìyá Tìrìmísíyù gbé fún mi láti Jímọ̀ tó ṣáájú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé a máa ń da omi orí ògì nù, tí a ó bu òmíràn sí i. Omi kan náà ló wà lórí rẹ̀ láti Jímọ̀ yẹn. Ó ń rùn, ṣùgbọ́n èwo ni ògì tí kì í rùn? Mo fi omi ìyeyè gbígbóná pò ó, mo ń rò ó kó má baà ṣe kókó, òógùn ń bọ́ lójú mi, mo ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

Mo tọ́ ọ wò. Sìdíkàt, ó dùn bí oyin. Mo tún bù ú. Ó dùn ju oyin Àfáà lọ. Mo ní, Yẹ̀kínnì, o ti fi ara rẹ ṣòfò nídìí ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí. Ṣúgà tí mo ti kó sílẹ̀, mo dà á padà sínú agolo, mo ní ìyeyè oko Ṣítù kò wá ìrànlọ́wọ́. Kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹnu tí mo fi ń tọ́ ọ wò kì í ṣe ẹnu mi mọ́. Mo mọ iṣẹ́ àgbáyun láti kékeré. Ẹnu ọmọ ni mo ṣáà ń rò láti àárọ̀, n kò ro tèmi.

Mo jí ọmọ, mo gbé e lé itan. Mo ṣa àgbáyun tó pọ́n jù, mo ní, "Jẹ eléyìí, yóò mú kí gbogbo nǹkan máa dùn lẹ́nu rẹ." Bó ti gbọ́ pé yóò dùn, ó pa ẹnu dé pinpin. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kọrin. Mo fi ọ̀kan sẹ́nu ara mi kó lè rí i pé kò sí ewu. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó ti pẹ́ jù. Ó sú mi. Mo gbé àgbáyun sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ṣebí ògì náà ti dùn tẹ́lẹ̀, kí la tún ń fa àgbáyun sí? Mo bu ṣíbí kan sí i lẹ́nu.

Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Imú rẹ̀ ká. Èjìká rẹ̀ gbọ̀n. Mo na ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo ń retí kó tu ú síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé e mì. Mo gbọ́ ọ nígbà tó gbé e mì. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó fi ahọ́n lá ètè, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ tún bù ú."

N kò mọ bí n ó ti kọ bó ṣe rí lára mi. Mo da díẹ̀ sí i láyà, òun fúnra rẹ̀ sì gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ó ń mu ún, ó ń fajú ro, ó tún ń mu ún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú tèmi náà, mo rò pé ohun kan náà ló ń pa àwa méjèèjì lẹ́kún. Ó fi ìka ha ìdí abọ́. Ó gùfẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, n kò tíì gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Mo ké pe Ìyá Tìrìmísíyù. Ó sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ. Mo ní, "Ẹ wá wo ẹni tó jẹun. Ẹ wá tọ́ ohun tí ọkùnrin sè wò." Ó fi ìka nu ìdí ìkòkò, ó fi kan ẹnu. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, "Bàbá Sìdíkàt, kí lẹ fi ṣe eléyìí? Eléyìí yóò bó ìpáàrà lára irin." Mo ní ó dùn. Ó ní ó kan. Mo bù ú mu níwájú rẹ̀, mo ní bóyá ẹnu tirẹ̀ ni kò dá. Ó wo ẹnu mi, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo kóró àgbáyun tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Sìdíkàt, àgbáyun mélòó lẹ jẹ kí ẹ tó dáná?" Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi gèlè nu ojú.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Ikùn tó ti ṣófo láti ọjọ́ wọ̀nyí, kíkan tó tó báyìí ni mo dà lé e lórí. A jókòó ti ọmọ. Ó sùn. A ń wo ikùn rẹ̀ bó ti ń lọ sókè tó ń bọ̀ sódò. Mo fa tẹ̀sùbáà mi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣe fi àìmọ̀ mi jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásáárì, ọmọ lajú. Ó wò yí ká. Ó ní, "Ebi ń pa mí."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ láìmọye ìgbà, lẹ́nu ìwọ gan-an jù, n ó sì máa jágbe mọ́ yín pé ṣé èmi ni oúnjẹ ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo kírun, mo forí kanlẹ̀, n kò fẹ́ gbé e sókè mọ́. Èyí tó kan yẹn ni ọmọ ní òun fẹ́. Ìyá Tìrìmísíyù bọ́ sí ìdí iná, kò jẹ́ kí n súnmọ́ ibẹ̀, ó fi omi ìyeyè tó ṣẹ́ kù po ògì tuntun, ọmọ sì mu ún tán. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹran. Ní tèmi, nígbà tí ẹnu mi pa dà bọ̀ sípò, mo tọ́ èyí tó kù nídìí ìkòkò àkọ́kọ́ wò. Eyín kan mí títí di ọjọ́ kejì.

Ọmọ náà ti sọ fún wa o. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àwa àgbà Muṣin fẹ́ dá tiwa nìkan. Dídùn ti di ìríra sí i lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo oògùn kíkorò yẹn, kíkan ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, a kò sì bi í. Ìyá Tìrìmísíyù ní kí ló yà mí lẹ́nu, ṣé mo ti gbàgbé ìyá tó bí i ni? Ó ní oyún Ọmọ́níkẹ́ ló wà nínú rẹ nígbà tí o wá bá wa ṣọdún, tí o jẹ ìyeyè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin àdúgbò fi ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí. Mo rántí kóró ìyeyè tí o tò sójú fèrèsé mi.

Wàyí o, Sìdíkàt, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ti ka ibi tí kíkan ti mú ọmọ jẹun, ọkàn rẹ yóò fò lọ bá Ṣàíbù. Ìwọ yóò ní ká ní o mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Síkírù ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi, ibà tó mú Ṣàíbù kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan títí ó fi mú un lọ, kò sí kíkan tàbí dídùn tí ì bá dá a dúró. O fún un ní oyin, o fún un ní mílíìkì, nítorí ohun tó dára jù lọ́wọ́ rẹ ni o fún un. Èmi náà, ohun tí mo fún Ọmọ́níkẹ́ nìyẹn. Ohun tí o ṣe gẹ́lẹ́ ni mo ṣe, pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi, àṣìṣe ni Ọlọ́run fi kó mi yọ, kì í ṣe ọgbọ́n. Bí o kò bá ní dá mi lẹ́bi nítorí ṣúgà tí mo ń dà sí i, má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi mọ́. Ọwọ́ rẹ kò yọ̀ nígbà yẹn. O di Ṣàíbù mú títí dé òpin, Ọlọ́run ló gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Lánàá, èmi àti Ọmọ́níkẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ṣítù. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n gbé òun. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé Ìdí-Àràbà, ó ń bèèrè orúkọ gbogbo igi tó wà lọ́nà. Ṣítù tú àálè fún un bí ẹni ń tú u fún àgbàlagbà. Ọmọ gbà kí wọ́n fi àgbáyun kan sí òun lẹ́nu nítorí àṣà, ó ká tèmi sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá lọ sábẹ́ igi ìyeyè, ó sì ṣa tirẹ̀ títí aṣọ rẹ̀ fi wúwo. Nígbà tí a délé, mo wá okùn ìwọ̀n jáde nísàlẹ̀ àpótí, mo wọn àyà rẹ̀. N ó ní láti tú ẹ̀gbẹ́ bùbá Iléyá yẹn láìpẹ́. Ní gbogbo ọ̀nà, lálọ àti lábọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì di tèmi mú.

Kí Ọlọ́run tó dá ọmọ yìí sí fún wa bá wa dá ìyá rẹ̀ sí. Kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ lọ́jọ́ tí o bá bímọ. Kí ọ̀nà Síkírù là, kí ilẹ̀ Kánò má tún gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kí ẹ gbé àlejò wa wá sí Muṣin, n ó ti rán aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń tọrọ àforíjì nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀,

Yẹ̀kínnì Télọ̀.

Àfikún: Ìyá rẹ ti dé láti Ìkòròdú láàárọ̀ yìí. Ó da omi orí ògì nù, ó bu omi tuntun sí i, ó pò ó fún ọmọ gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó ní kì í ṣe irú ti Bàbá àgbà. Ó lọ síbi apẹ̀rẹ̀ tí a gbé bọ̀ láti oko, ó mú àgbáyun kan, ó ní kí n la ẹnu, ó fi í sí mi lẹ́nu bí Ṣítù ti ń ṣe, ó ní kí n wá lọ dáná. Ó dá a lójú pé bí ẹni tó ń sè é kò bá jẹ àgbáyun, ògì kò lè kan. N kò bá a jiyàn. Ẹnu mi ti dùn báyìí, omi ìyeyè sì ti ń hó.